Ìwé Aláwọ̀ Ewé Tó Gba Kóńgò Lọ́wọ́ Màmá Ṣàkírát

Bí ẹ bá fẹ́ràn ara yín, ẹ má dárúkọ ìwé òwò níwájú Ìdáyátù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Benin níjelòó, ó ní wọ́n sọ fún òun pé obìnrin kan ń ta gàrí ní Ore tó mọ gbogbo ìwé tó lè ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó júwe èyí tó dára jù fún òun. Ìdáyátù ju kóńgò sínú bàsíà, ó ní, "Gàrí lẹ fẹ́ rà ni, àbí wàhálà?" Ọmọ ọlọ́mọ ra gàrí tí kò ní i lọ́kàn láti rà, ó sì sá padà wọ mọ́tò.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Bí ohun tó ṣe é bá ṣe yín, bóyá ẹ̀yin ò tilẹ̀ ní ta gàrí náà fún un.

Obìnrin yìí kan náà ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ń pè ní Àǹtí Oníwèé. Ìsọ̀ rẹ̀ wà létí ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó bọ̀ ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Gàrí àti epo pupa ló ń tà. Abẹ́ tábìlì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó náílọ́ọ̀nù sí, páálí ìwé ló wà lábẹ́ tirẹ̀. Ó ka ìwé mẹ́wàá jáde, ó fẹ́ di tíṣà, owó ò jẹ́. Ìwé tí kò rí kà nílé ẹ̀kọ́ ló wá ń rà lọ́wọ́ Mùíz, ọkùnrin tó máa ń to ìwé sí apá bí ẹni gbé igi ìdáná, tí yóò wọnú bọ́ọ̀sì, tí yóò máa pariwo pé, "Ẹ ra ìwé tó máa sọ yín di ọ̀gá ara yín! Ẹni tó kà á lánàá ti ra mọ́tò lónìí!" Mùíz fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn délé.

Bí bọ́ọ̀sì bá ti lọ tán tí òòrùn mú, àwọn ọlọ́jà á sún mọ́ ìsọ̀ Ìdáyátù: Láoyè tó ń lẹ táyà, onídìrí tó wà lẹ́yìnkùlé, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Wọ́n á ní, "Àǹtí, kí ni ìwé wí lónìí?" Yóò ka gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, yóò sì tú u sí Yorùbá tó dùn gbọ́ létí. Ìwé kan wà nípa ọmọ òtòṣì tó ń ta ìṣáná títí tó fi dẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi. Èyí ni Ìdáyátù kà lọ́dún tí iná jó ìsọ̀ wọn, ó kà á, ó sunkún, ó sì lọ wá páànù tuntun. Òmíràn kọ́ ọ pé kí owó ọjà má ṣe bá owó ọbẹ̀ sùn nínú àpò kan, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Òmíràn tún ní kó kọ iye ọjà sára pátákó kí ìdúnàádúrà má bàa máa gba àkókò rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n ka pátákó, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, a ti rí ti pátákó. Èló wá ni jálẹ̀?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fi pátákó dáná. Ìgbà yẹn, ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé rẹ́rìn-ín.

Àfìgbà tí Mùíz gbé ìwé aláwọ̀ ewé dé. Àwòrán ọkùnrin tó kọ ọ́ wà lẹ́yìn ìwé náà, ó so táì mọ́rùn, ó ká apá mọ́yà, eyín rẹ̀ funfun bí ẹni tí ata kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Ìlú tó ti wá, yìnyín ló ń bọ́ níbẹ̀. Kò mọ Ore, kò mọ Odigbo, kò mọ bí gàrí ṣe rí, ṣùgbọ́n ó mọ bó ṣe yẹ kí Ìdáyátù ṣe ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ mú èrè wọlé. Ó ní ohun tí o bá ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, èrè rẹ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ó wá fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan, tí Ìdáyátù tú sí Yorùbá báyìí pé: òwò ò mọ ìyá, òwò ò mọ ọmọ. Gbogbo àwọn tó yí i ká mi orí. Láoyè ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá!" Ìdáyátù fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì sọ pé nínú gbogbo ìwé òun, èyí ni òun fẹ́ràn jù.

Ẹni tó jókòó sí ìsọ̀ náà nígbà tó ń fa ìlà, ìyá rẹ̀ ni.

Màmá Ṣàkírát, bí ọjà ṣe ń pe ìyá yìí, ló ni ìsọ̀ náà kó tó di ti ọmọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, gàrí orí àtẹ ló ń gbé sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ kiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìdáyátù wà. Nígbà tí orúnkún wá kọ̀ fún un, ó kó ọjà lé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò kó ara rẹ̀ lọ sílé. Láràárọ̀, yóò gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, yóò mú kóńgò, yóò sì máa kí ènìyàn. Kíkí tirẹ̀ kì í ṣe ti eré. Ẹni tó wá láti Ajue, yóò bi í léèrè kòkó, yóò bi í léèrè ọmọ tó ń wúkọ́, yóò bi í bóyá àna rẹ̀ ti bá a parí ìjà. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wọn gàrí. Yóò bu kóńgò kún, yóò fi ọwọ́ dáàbò bo etí rẹ̀ kó lè ga sí i, yóò dà á sí náílọ́ọ̀nù, yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ bu èènì lé e. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n rán, yóò tún fún un ní ìwọ̀nba sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Tìẹ nìyẹn. Máa jẹ ẹ́ lọ, kí o má baà jí ti ìyá rẹ jẹ lójú ọ̀nà."

Ìdáyátù jẹ irú gàrí yẹn dàgbà. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìwé aláwọ̀ ewé ti wọlé, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn bá ti lọ sínú bàsíà lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ á já. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Màmá, ó tó," lóhùn kékeré. Ìyá rò pé ọmọ ń kánjú ni.

Aboyún kan ló wá rajà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Màmá Ṣàkírát bu èènì fún un, ó tún bu òmíràn, ó ní, "Èyí ti ẹni tó wà nínú." Aboyún rẹ́rìn-ín. Kí ìyá tó gbọ́wọ́ kúrò, Ìdáyátù ti já kóńgò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da gàrí inú náílọ́ọ̀nù padà sínú bàsíà. Ó tún un wọ̀n níṣojú oníbàárà, ó fi etí ọwọ́ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ó ní, "Màmá, òwò ni mò ń ṣe, kì í ṣe sàráà. Òwò ò mọ ìyá, òwò ò mọ ọmọ."

Ẹyin lohùn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a ò yé sọ ọ́ lulẹ̀.

Màmá Ṣàkírát ò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, ọ̀rọ̀ ìbá dẹ̀. Ó gbọn gàrí kúrò lọ́wọ́, ó yíjú sí aboyún náà, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá ọmọ mi. Ọlọ́jà ló ni ọjà rẹ̀." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó tiro lọ sílé nínú òòrùn. Títí di òní, bí Ìdáyátù bá tilẹ̀ fún aboyún yẹn ní gàrí lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ apá tó ń bínú ẹni jù: ọjà tà! Ìwé ò purọ́. Bàsíà ò tètè gbẹ mọ́, èrè gbé pẹ́ẹ́lí sí i, àwọn èrò bọ́ọ̀sì tí wọn ò mọ èènì tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan dín. Láoyè ní, "Àǹtí, ìwé yẹn ń ṣiṣẹ́ o!" Ìdáyátù náà ń yangàn. Bí kò bá tà ni, ìbá tètè mọ̀ pé òun ti ṣìṣe. Ṣùgbọ́n ó ń tà, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé àgbà ló ń sinmi nílé, orúnkún ń dùn wọ́n tẹ́lẹ̀ ná.

Nílé, bó bá gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, ìyá á ní òun ti jẹun. Bó bá ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀," ìyá á dáhùn bí ẹni ń dá ará ilé kejì lóhùn. Rìlwánù, ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì, ní, "Lọ kúnlẹ̀ fún wọn, kó tán." Ìdáyátù ní, "Kí ni mo ṣe? Ṣé mo lù wọ́n ni?" Ìgbéraga kì í sọ pé òun ni ìgbéraga, yóò ní òun ń ṣàlàyé ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń to jálá epo, ó gbọ́ ohùn tó mọ̀ láti òdìkejì títì. "Ẹ kú ọ̀nà o! Ajue ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ?" Ó gbójú sókè. Àárín tírélà méjì tó ń kọjá ló ti rí ìyá rẹ̀, lórí àpótí rẹ̀, lábẹ́ agboòrùn Lydia, ó ń wọn gàrí ẹlòmíràn.

Lydia, ọmọ Omifunfun, gàrí tí wọ́n bá yan nílé rẹ̀ ló ń tà. Kò bá Ìdáyátù jà rí. Ìdáyátù sá kọjá títì, ọlọ́kadà kan bú u, kò gbọ́. Ó ní, "Lydia, kí lo fún ìyá mi jẹ?"

Lydia ní, "Èmi ò pè wọ́n o. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn jókòó. Ṣé kí n lé àgbàlagbà ni?"

"Màmá, ẹ̀ ń dójú tì mí láàárín ọjà."

Màmá Ṣàkírát ò gbójú sókè nínú gàrí. "Ojú tìẹ nìkan ni ojú, Ìdáyátù?"

Ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, inú ń bí i débi pé epo tó ń rọ ń dà sílẹ̀. Látọjọ́ náà, gbogbo ẹ̀rín tí ìyá rẹ̀ bá rín ní òdìkejì, etí rẹ̀ ló ń wọlé sí. Kì í ṣe oníbàárà tó bá ìyá lọ ló ń dùn ún, èrò bọ́ọ̀sì ń bẹ. Ìkíni yẹn ló ń dùn ún. Ìyá rẹ̀ ń kí gbogbo ayé, àfi òun.

Ó bá yọ ìwé aláwọ̀ ewé jáde, ó ní dandan, ẹni tó mọ̀ tó báyìí kò ní ṣàì mọ àtúnṣe. Ó kà á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó rí orí tó sọ nípa alábàáṣiṣẹ́ tó dalẹ̀. Ó rí ti oníbàárà tó ń ráhùn, ó rí ti bí ènìyàn ṣe ń sinmi, ó tilẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń bọ ọwọ́ níbi ìpàdé. Kò rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe bí ìyá rẹ̀ bá gbé àpótí lọ sábẹ́ agboòrùn ẹlòmíràn. Kò sí o. Ọkùnrin eléyín funfun ti gbé e dé àárín odò, ó sì ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Inú bí i débi pé ó gbá àwòrán náà létí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Ọlọ́runbùnmi, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà, ránṣẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn kan, kí àwọn tó ń kàwé wá sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò nípa ìwé tó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. "Ta ni a bá tún pè bí kì í bá ṣe Àǹtí Oníwèé?" Ìdáyátù fẹ́ kọ̀, ó tún rò ó, ó gbé ìwé aláwọ̀ ewé sí báàgì, ó lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Àwọn méjì kan sọ̀rọ̀, wọ́n yin ìwé wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mùíz ti to àtẹ ìwé sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ lára. Ìdáyátù dìde, ó gbé ìwé sókè, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o. Ìwé tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ó ní kí n má fi nǹkan tọrẹ, mi ò fi tọrẹ. Ó ní èrè yóò pọ̀, èrè pọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà á jẹ́.

"Ẹ dákẹ́! Kí lẹ ń pàtẹ́wọ́ fún? Mo já kóńgò gbà lọ́wọ́ ìyá tó fi gàrí tọ́ mi, níṣojú aboyún! Ẹ wò ó, òdìkejì títì ni wọ́n wà, wọ́n ń ta gàrí Lydia. Mo ka ìwé yìí tán, mo tún un kà, kò sọ bí mo ṣe máa mú wọn padà. Ẹni tó kọ ọ́, ṣé kò sí obìnrin tó bí i ni? Ṣé inú yìnyín ló ti já bọ́? Ó kọ́ mi ní gbogbo nǹkan tí mo lè gbé kúrò ní ìsọ̀ mi, kò kọ́ mi ní ọ̀kan tí mo lè gbé padà!"

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Mùíz ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Àǹtí, ẹ ń ba ọjà mi jẹ́ o!"

"Ìwọ kọ́ lo tà á fún mi?"

"Mo tà á lóòótọ́, ṣé mo ní mo kà á ni? Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ń tà á!"

Ìdáyátù rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ ìwé náà lé e láyà, ó sì jáde. Kò tíì dé ibi àtẹ̀gùn tó gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ ń bi Mùíz léèrè pé, "Èyí tó ní èrè pọ̀ yẹn, èló lẹ ó gbà lórí ẹ̀?" Mùíz dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti ń dúnàádúrà kó tó dé ìta.

Kò yà sí ìsọ̀ ara rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Lydia ló gbà lọ tààrà. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ fò lọ nígbà tó rí ìyá rẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Màmá, ẹ wọn gàrí fún mi. Kóńgò kan."

Màmá Ṣàkírát bu kóńgò. Ó fi etí ọwọ́ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, bí Ìdáyátù ti ṣe lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́, kò sí hóró kan tó yọ lókè. Ó dà á sí náílọ́ọ̀nù, ó nà án sí i.

"Màmá, èènì mi ńkọ́?"

"Òwò ò mọ ọmọ," ni ìyá wí, ó sì kọjú sí ẹni tó kàn.

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìyá ní kó dìde, ó ń dí oníbàárà Lydia lọ́nà. Lydia yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà sú òun náà.

Látìgbà náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ìdáyátù kì í kọjá títì lọ ra gàrí. Onígàrí ń ra gàrí! Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, Rìlwánù ní kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ kó gàrí sí mọ́ nínú yàrá. Ìdáyátù ò dẹ́kun. Kò rọ̀jò ẹ̀bẹ̀ mọ́, yóò ra kóńgò kan tí wọ́n gé lórí, yóò sanwó, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Páálí ìwé ṣì wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, náílọ́ọ̀nù ló kó lé e lórí. Láoyè ò sì béèrè ohun tí ìwé wí mọ́, ó ti gbọ́ èyí tó tó o.

Lánàá, ọmọbìnrin kékeré kan ló ṣíwájú rẹ̀ níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló rán an wá. Màmá Ṣàkírát bi í léèrè bàbá rẹ̀, ó bu kóńgò kún, ó dà á, ó bu èènì lé e. Ọmọ náà ti mọ̀, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ìyá bu ìwọ̀nba sí i, ó ní, "Tìẹ nìyẹn. Máa jẹ ẹ́ lọ." Ọmọ náà da gàrí sẹ́nu, ó lọ.

Ó kan Ìdáyátù. Obìnrin tó ti bímọ, tó ń bú èrò bọ́ọ̀sì, na àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́.

Ọwọ́ Màmá Ṣàkírát wọ inú bàsíà. Ó bu gàrí. Ó di í mú, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀ títí, gàrí ń yọ́ jò láàárín ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ọwọ́, ó dà á padà sínú bàsíà, ó sì mú kóńgò.

"Kóńgò mélòó?" ló bi í.

"Ẹyọ kan, Màmá," ni Ìdáyátù wí. Kò tíì ká ọwọ́ rẹ̀ kò.